Loire, Dordogne tàbí Corbières: èwo ló yẹ kí ẹ lọ ní ìgbèríko Faransé?

Àwòrán ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yan ibi tí wọ́n máa lọ ní ìgbèríko Faransé. Wọ́n á rí ààfin kan lórí omi, wọ́n á rí odi kan téńté orí àpáta, wọ́n á sì sanwó ọkọ̀ òfuurufú. Ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀ tán ni wọ́n á tó mọ̀ pé bọ́ọ̀sì kò lọ sí abúlé náà, pé tíkẹ́ẹ̀tì ihò àpáta ti tán, tàbí pé afẹ́fẹ́ líle ti mú kí wọ́n ti ilẹ̀kùn odi pa. Bí ẹ ṣe máa rìn ló yẹ kó ṣáájú: ọkọ̀ ojú irin ni o, kẹ̀kẹ́ ni o, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni o, tàbí ẹsẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó bi ara yín léèrè ohun tí ojú yín fẹ́ rí.

Agbègbè mẹ́ta la fi wé ara wọn níbí. Àkọ́kọ́ ni àfonífojì odò Loire, láàárín Blois àti Tours, tí kò jìnnà sí Paris. Ìkejì ni Dordogne, pàápàá apá tí wọ́n ń pè ní Périgord Noir, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, níbi tí odò Dordogne àti odò Vézère ti ń ṣàn lábẹ́ àpáta. Ìkẹta ni Corbières, òkè gbígbẹ tó wà láàárín Carcassonne àti Perpignan, nítòsí ààlà Sípéènì.

Ẹni tí kò ní wa ọkọ̀, Loire ni kó lọ. Ìdílé tó ní ọkọ̀ tó sì kó ọmọ wẹ́wẹ́ dání, Dordogne ni tiwọn. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ le, tí kò sì fẹ́ràn èrò, kó gba Corbières lọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré lẹ ní, ẹ má ṣe pa méjì pọ̀: láti Tours dé Sarlat tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin nínú ọkọ̀, láti Sarlat dé Carcassonne sì tó nǹkan bíi mẹ́ta.

Ọ̀nà àti ọkọ̀

Ní Loire, ọkọ̀ ojú irin lè gbé yín dé ẹ̀bá ààfin. TGV, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré jù, tó ń kúrò ní ibùdó Montparnasse ní Paris máa ń dé Saint-Pierre-des-Corps ní nǹkan bíi wákàtí kan. Ibẹ̀ ló máa ń da àlejò láàmú, torí Saint-Pierre-des-Corps kì í ṣe ìgboro Tours. Ó ṣì ku ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ọkọ̀ ojú irin mìíràn, nítorí náà Tours ni kí ẹ kọ nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó lè kárí méjèèjì. Láti Tours, ọkọ̀ ojú irin agbègbè, TER, ń dé Chenonceaux ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, ẹnu ọ̀nà ààfin kò sì jìnnà sí ibùdókọ̀ rárá. (Orúkọ abúlé náà ní x nígbẹ̀yìn, ti ààfin kò ní. Ẹ fi sọ́kàn tí ẹ bá ń wá a lórí fóònù.) Amboise náà ní ibùdókọ̀, àmọ́ òdìkejì odò ló wà, ẹ óò fẹsẹ̀ rìn tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún kọjá afárá. Chambord ló le jù, nítorí ọkọ̀ ojú irin kò débẹ̀. Ẹ wọkọ̀ láti Austerlitz ní Paris dé Blois, nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀, kí ẹ wá wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí àwọn ààfin lásìkò ìgbafẹ́, tàbí kí ẹ háyà kẹ̀kẹ́.

Kẹ̀kẹ́ gan-an ló fi Loire ṣáájú àwọn yòókù. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní La Loire à Vélo gùn tó nǹkan bí kìlómítà 900, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, àmì sì wà ní gbogbo oríta. Láti Tours dé Villandry kò ju nǹkan bí ogún kìlómítà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Cher. Láti Blois dé Chambord náà kò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí èèyàn máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ìhà òkun: apá ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń ti fẹ́ wá, ẹni tó bá kọjú sí i máa ń rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, kí afẹ́fẹ́ máa tì yín lẹ́yìn. Ní ti ibi tí ẹ máa sùn, ẹ wá ilé ìtura tó bá ní àmì Accueil Vélo lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n máa ní ibi títì tí kẹ̀kẹ́ yín máa sùn, àti irinṣẹ́ tí ẹ lè fi tún un ṣe.

Ní Dordogne, ọkọ̀ ojú irin ń lọ láti Bordeaux dé Sarlat, ó lé ní wákàtí méjì àbọ̀, ìwọ̀nba ló sì ń lọ lójúmọ́. Wàhálà ń bẹ lẹ́yìn ìyẹn, torí ibùdókọ̀ Sarlat jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú, àwọn odi, ihò àpáta àti abúlé sì fọ́nká. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ á máa fi takisí ná owó tí ì bá fi jẹun. Àwọn ará wa tó wà ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì lè wọ ọkọ̀ òfuurufú olówó pọ́ọ́kú lọ sí Bergerac nígbà ooru, kí wọ́n sì háyà ọkọ̀ níbẹ̀. Carcassonne àti Perpignan náà ní pápákọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n nínú òkè Corbières fúnra rẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nìkan ló kù.

Bí ẹ bá máa wakọ̀, ìwé ìwakọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lábẹ́ òfin Faransé, ìwé ìwakọ̀ àlejò láti òde Yúróòpù gbọ́dọ̀ jẹ́ ti èdè Faransé, tàbí kó ní ìtumọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí tàbí ìwé ìwakọ̀ àgbáyé. Nítorí náà ti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò kọjá láìsí àfikún, àmọ́ ti Nàìjíríà, tó jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ń fẹ́ ìwé ìwakọ̀ àgbáyé. Ẹ gbà á kí ẹ tó kúrò nílé. Físà náà kò gbọdọ̀ yí yín lórí: ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ṣì nílò físà Schengen. A lè béèrè fún un láti bí oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Ẹ má fi dìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ háyà ibẹ̀ ni à ń fọwọ́ yí jíà. Ẹni tí aláìyíjíà bá mọ́ lára kó sọ ọ́ nígbà tó ń sanwó, kì í ṣe ní pápákọ̀. Apá ọ̀tún ọ̀nà ni wọ́n ń gbà bíi ti Nàìjíríà, àwọn tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ohun tó máa ń fa ìjàǹbá láàárín àlejò ni òfin tí wọ́n ń pè ní priorité à droite. Ní oríta tí kò sí àmì kankan, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún yín ló ni ọ̀nà, bó tiẹ̀ jẹ́ ojú ọ̀nà tóóró ló ti yọ, tí ẹ̀yin sì wà lójú títì ńlá. Nínú abúlé ló pọ̀ jù, torí náà ẹ dín eré kù lójú gbogbo ojúlé ọ̀nà. Lójú ọ̀nà ìgbèríko tí kò ní ìdènà láàárín, kìlómítà 80 ní wákàtí ni ìwọ̀n eré, àyàfi níbi tí àmì bá sọ pé 90. Nínú ìlú, 50. Bó bá di alẹ́ tàbí ọjọ́ Àìkú, ẹ̀rọ lásán ló ń ta epo ní ọ̀pọ̀ ilé epo, kò sí èèyàn. Káàdì tí kò ní nọ́ńbà àṣírí kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí náà ẹ kún táǹkì ní ọ̀sán Sátidé.

Ààfin, ihò, odi

Ohun tó wà ní Loire jẹ́ ilé àwọn ọba àti ìjòyè tó fẹ́ gbádùn ayé, kì í ṣe ti ogun. Chambord ló tóbi jù. François Kìíní ló bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní 1519. Ó ní yàrá 426 àti ibi ìdáná 282, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni ọba náà lò níbẹ̀ ní gbogbo ayé rẹ̀. Ọba ń kó àga àti aṣọ ògiri káàkiri ni nígbà yẹn, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ yàrá fi ṣófo títí dòní. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa bínú pé kò sí nǹkan nínú ilé. Ẹ yá tábúlẹ́ẹ̀tì HistoPad ní ẹnu ọ̀nà tí ẹ bá kó ọmọ dání, ó máa fi bí yàrá ṣe rí nígbà ayé ọba hàn wọ́n. Ẹ lọ tààrà sí àtẹ̀gùn onílọ̀ọ́pọ̀ méjì: ẹnìkan lè máa gòkè, ẹnìkan lè máa sọ̀ kalẹ̀, wọn kò ní pàdé. Lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sórí òrùlé. Igbó tó yí i ká fẹ̀ tó hẹ́kítà 5,440, ògiri kìlómítà 32 ló sì yí i ká. Láàárín oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀wàrà, akọ àgbọ̀nrín máa ń ké níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù àti nírọ̀lẹ́. Àwa a máa sọ pé ìyẹn gan-an tó ohun tí èèyàn fi ń rìnrìn àjò.

Chenonceau ni ká mú bó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ni ààyè gbà. Ó dúró lórí odò Cher, gbọ̀ngán rẹ̀ sì gùn ní mítà 60 láti etí kan dé èkejì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé ìwòsàn ni wọ́n fi gbọ̀ngán náà ṣe. Nígbà Ogun Kejì, ààlà láàárín ibi tí àwọn ará Jámánì gbà àti ibi tí wọn kò tíì gbà tẹ̀ lé odò Cher, ẹnu ọ̀nà gúúsù gbọ̀ngán sì ṣí sí ìhà òmìnira, débi pé àwọn kan gba ibẹ̀ sá lọ. Láàárín aago mọ́kànlá sí mẹ́rin, bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò máa ń kún ibẹ̀ débi pé ẹ kò ní rí ilẹ̀ tẹ̀. Ẹ dé síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn, tàbí ní wákàtí méjì ìgbẹ̀yìn. Ní Amboise, ilé Clos Lucé ni Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì, ti kú ní ọjọ́ kejì oṣù Èbìbí 1519. Villandry, ọgbà rẹ̀ ni ká lọ wò: ẹ̀fọ́ ni wọ́n gbìn sí ebè onígun mẹ́rin mẹ́sàn-án bí ẹni pé òdòdó ni.

Ní Dordogne, ọ̀rọ̀ jinlẹ̀ ju ààfin lọ. Àwọn ihò àpáta àfonífojì Vézère wọ ìwé ohun ìní àgbáyé ti UNESCO ní 1979, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣìnà. Wọ́n máa ń rò pé àwọn máa wọ Lascaux gidi. Kò sí ẹni tó ń wọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin ló rí i ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 1940, wọ́n ṣí i fún aráyé ní 1948, nígbà tó fi máa di 1963 wọ́n ti tì í pa. Èémí àti ooru ara èrò ló bà á jẹ́: nǹkan aláwọ̀ ewé ń hù lára ògiri, nǹkan funfun bí ẹfun sì ń bo àwòrán. Lascaux IV tó wà ní Montignac, tí wọ́n ṣí ní 2016, jẹ́ ẹ̀dà odindi ihò náà. Ẹ̀dà náà dára, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀, torí olùtọ́nà máa ń ṣàlàyé gbogbo nǹkan fún wọn.

Bó bá jẹ́ ojúlówó lẹ fẹ́ rí, ẹ̀dà kò ní tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sì ní láti yan láàárín mẹ́ta. Font-de-Gaume ní Les Eyzies ṣì ní àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ ti bísọ́ọ̀nù, ẹfọ̀n ayé àtijọ́, lára ògiri rẹ̀ gan-an, àmọ́ ìwọ̀nba èèyàn ni wọ́n ń gbà lójúmọ́, tíkẹ́ẹ̀tì sì ń tán kíákíá. Inú rẹ̀ fún, báàgì kò wọlé, fọ́tò kò sí. Combarelles, tí wọ́n rí ní ọdún 1901 bíi Font-de-Gaume, kò ní àwọ̀. Fífín ni wọ́n fín ẹranko sára òkúta, ó ń fẹ́ sùúrù àti ojú tó mọ nǹkan wò. Rouffignac ló rọrùn jù fún ìdílé: ọkọ̀ ojú irin kékeré oníná ló ń gbé èèyàn wọ inú ilẹ̀ lọ wo mámọ́ọ̀tì, erin onírun ayé àtijọ́, tó lé ní 150 lára ògiri àti àjà. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lè jókòó gbádùn rẹ̀. Nígbà òtútù, wọ́n máa ń ti Rouffignac pa. Inú gbogbo ihò wọ̀nyí wà ní nǹkan bí ìwọ̀n sẹ́ńtígíréédì 13, bí ìta tilẹ̀ ń jó bí iná. Ẹ mú ẹ̀wù tó nípọn dání fún àwọn ọmọ, kí wọ́n má bàa máa gbọ̀n kí àlàyé tó dé ìdajì.

Ní ti odi, Beynac àti Castelnaud kọjú síra wọn láti òdìkejì odò. Nígbà Ogun Ọgọ́rùn-ún Ọdún, 1337 sí 1453, Faransé wà ní ti àkọ́kọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì di Castelnaud mú fún ìgbà pípẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀kan lẹ fẹ́ sanwó fún, ẹ wo ọmọ yín: Castelnaud ní àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n fi ń ju òkúta lu odi, ọmọ ọdún mẹ́jọ kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Beynac kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, ó sì lágbára, àgbàlagbà ni yóò mọ rírì rẹ̀. Ẹ má gbé ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀ Beynac bí ìyá àgbà bá wà pẹ̀lú yín, torí òkè ibẹ̀ ga gan-an. Ibi ìgbọ́kọ̀sí mìíràn wà lókè nítòsí odi.

Les Milandes wà nítòsí wọn, kò sì yẹ kí aláwọ̀ dúdú kọjá láìyà síbẹ̀. Ilé Joséphine Baker ni, ọmọ Amẹ́ríkà tó di olókìkí akọrin ní Paris tó sì ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń bá Násì jà. Ọmọ méjìlá láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ló gbà tọ́, ọ̀kan nínú wọn láti Côte d'Ivoire, àmọ́ gbèsè lé e jáde kúrò níbẹ̀ ní 1969. Ní ọjọ́ 30 oṣù Bélú 2021, Faransé fi í sínú Panthéon, ilé tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn akọni wọn ní Paris, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n bu ọlá bẹ́ẹ̀ fún. Àwọn aṣọ ijó rẹ̀ ṣì wà nínú ilé náà.

Ní Corbières, kò sí òrùlé, kò sí àga, kò sí òdòdó. Òkúta ni, ojú ọ̀run ni. Wọ́n máa ń pè wọ́n ní odi àwọn Cathar, ẹlẹ́sìn tí ìjọ Kátólíìkì gbógun tì láti 1209. Òótọ́ díẹ̀ ló wà nínú orúkọ yẹn: àwọn Cathar sá pamọ́ sí irú ibẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ògiri tí ẹ máa rí lónìí, ọba Faransé ló kọ́ ọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun, láti fi ṣọ́ ààlà Aragon, ìjọba kan ní Sípéènì nígbà yẹn. Nígbà tí àdéhùn 1659 láàárín Faransé àti Sípéènì ti ààlà lọ síwájú, odi wọ̀nyí kò níṣẹ́ mọ́. Peyrepertuse gùn tó mítà 300 lórí àpáta tóóró, èyí tó ga ní nǹkan bíi mítà 800. Ẹ óò rìn ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, nínú igbó àti lórí òkúta, kí ẹ tó wọlé, kí ẹ tó wá gun àtẹ̀gùn tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta ní 1242 lásìkò Ọba Louis Kẹsàn-án. Quéribus kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó dúró bí ìka, ẹ sì lè wo méjèèjì lọ́jọ́ kan, kí ẹ jẹun ní abúlé Cucugnan tó wà láàárín. Bàtà tó ń di ilẹ̀ mú ṣe pàtàkì níbẹ̀: ẹsẹ̀ èèyàn ti fọ àwọn òkúta náà títí wọ́n fi ń dán bíi gíláàsì, sálúbàtà á yọ̀. Ọmọ tí kò lè dúró jẹ́ẹ́ kò yẹ níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ etí ibẹ̀ kò ní ìdènà.

Omi, òkè àti ìgbà

Odò Loire kò ṣeé lúwẹ̀ẹ́. Iyanrìn rẹ̀ ń yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ń gbé èèyàn lọ lójijì, ẹ kàn máa wò ó. Dordogne ni ti omi: ẹ̀ ń háyà ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ní Cénac tàbí Carsac, ẹ̀ ń fi àjẹ̀ wà á lọ sísàlẹ̀ kọjá La Roque-Gageac dé Beynac. Ti Cénac tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́sàn-án, wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bọ́ọ̀sì àwọn tó háyà ọkọ̀ fún yín ló ń gbé yín lọ tàbí dá yín padà. Gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí wọ́n sì wọ jákẹ́ẹ̀tì omi. Wọ́n máa fún yín ní ike títì tí ẹ máa kó fóònù àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí. Ẹ dè é mọ́ ọkọ̀. Tí òjò bá ti rọ̀ lọ́pọ̀ ní ìgbà ìrúwé, omi ń yára jù, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wà á.

Fún ìrìn ẹsẹ̀, àwọn agbègbè mẹ́ta náà ní ọ̀nà tí wọ́n kun àmì sí: ìlà funfun lórí pupa fún ọ̀nà jíjìn, ìlà ìyeyè fún èyí tó kúrú. Bí ẹ bá rí ìlà méjì tó gba ara wọn kọjá bí X, ẹ ti ṣìnà, ẹ padà. Eégbọn ń bẹ nínú koríko. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ sì yẹ ara yín wò lálẹ́. Láti oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ títí di Èrèlé, àwọn ọdẹ ń ṣiṣẹ́ nínú igbó, ẹ wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀.

Oṣù Èbìbí, Òkúdù àti Ọ̀wẹwẹ̀ ló dára jù fún gbogbo wọn. Agẹmọ àti Ògún ní Dordogne jẹ́ èrò àti súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀, àmọ́ ó ṣeé fara dà bí ẹ bá ń jí kùtù. Ní Corbières, Ògún léwu: ooru pọ̀, iná igbó sì ń jà. Ní 2025, iná jó ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà 15,000 lọ níbẹ̀. Tí ìjọba bá kéde ewu iná, wọ́n ń ti ọ̀nà igbó àti àwọn odi pa lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní tramontane náà ń mú kí wọ́n ti Quéribus àti Peyrepertuse pa. Nítorí náà ẹ máa ní ètò kejì: odi Carcassonne, tó ní ilé ìṣọ́ 52, ṣeé wò lọ́jọ́ tí òkè kò bá ṣeé gùn.

Oúnjẹ àti bí ọjọ́ ṣe ń lọ

Aago méjìlá sí méjì ni oúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá dé ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá á rí i pé wọ́n ti pa iná ìdáná, kò sì sí nǹkan mìíràn títí di aago méje alẹ́. Ọjọ́ Ajé, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àti ilé búrẹ́dì abúlé máa ń tì. Plat du jour, oúnjẹ ọjọ́ náà, ló rọjú jù. Bí ẹ bá béèrè une carafe d'eau, omi ẹ̀rọ ni, ọ̀fẹ́ sì ni lábẹ́ òfin. Ọjà Sarlat, ní Ọjọ́rú àti Sátidé, ló dára jù láti ra pẹ́pẹ́yẹ, wọ́ńnọ́ọ̀tì àti wàràkàṣì fún ìrìn àjò, àmọ́ ẹ débẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ kò ní rí ibi tí ẹ máa gbé ọkọ̀ sí. Ata kò sí nínú oúnjẹ ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi méjì lójúmọ́ ló tó, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ẹ bá yan Loire, ẹ kọ́kọ́ di ibi tí ẹ máa sùn mú ní Amboise tàbí Tours, tíkẹ́ẹ̀tì ààfin lè dúró. Dordogne ní tirẹ̀ yàtọ̀: ẹ gba ọjọ́ Font-de-Gaume kọ́kọ́, ẹ gba wákàtí Lascaux IV tẹ̀ lé e, kí ẹ tó wá ilé ìtura yí ọjọ́ méjèèjì ká, ní Sarlat tàbí Les Eyzies. Fún Corbières, ẹ má ṣe sanwó ohunkóhun tẹ́lẹ̀ ju ibùsùn àti ọkọ̀ lọ. Ẹ sùn ní Cucugnan, ẹ wo ojú ọjọ́ láàárọ̀, kí ẹ gun Peyrepertuse kí aago mẹ́wàá tó lù.